Ìmọ́lẹ̀ Ló Ń Gbé Ọ̀rọ̀, Bàbà Ló Ń Gbé Iná

Ẹni tó bá gba fáíbà, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé gba inú dígí, sílé ní Sùúrùlérè tàbí ní Bódìjà lónìí á rí okùn dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fà láti orí òpó wá sí etí òrùlé rẹ̀. Okùn náà kò fẹ̀ ju mìlímítà 5 sí 6 lọ. Irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń gbà á dúró kí atẹ́gùn má baà já a. Ọ̀pá tín-ín-rín méjì tó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣẹ́. Láàárín ọ̀pá méjèèjì ni fọ́nrán dígí kan ṣoṣo wà, tó nípọn tó maikirómítà 125, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Àárín gbùngbùn rẹ̀, tó jẹ́ bíi maikirómítà 9 péré, ni gbogbo fídíò, gbogbo ìpè WhatsApp àti owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì ń gbà.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ní fáíbà kò ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa. Dígí kì í sábà jẹ̀bi. Ìdọ̀tí tó wà lórí okùn, okùn tí wọ́n ká kọjá agbára rẹ̀, ṣọ́bìrì àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà, àti iná tí kò sí nídìí ẹ̀rọ: àwọn wọ̀nyí ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n á mọ ohun tó yẹ kó bi oníṣẹ́ kí onítọ̀hún tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílé.

Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ bàbà dù ú o. Bàbà sìn wá. Wáyà bàbà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ, ni NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, fi so ilé àti ọ́fíìsì pọ̀ mọ́ exchange, ilé tí gbogbo ìlà tẹlifóònù àdúgbò ti ń pàdé. Ohùn èèyàn kò wúwo, ó ń gba inú wáyà yẹn kọjá láìsí wàhálà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí wáyà kan náà gbé íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ yí padà, torí bí ohun tó ń gba inú bàbà bá ṣe ń yára sí i ni bàbà ṣe ń gbé e mì sí i. ADSL2+, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba wáyà tẹlifóònù, lè fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ exchange ní Mbps 24. Ẹni tó wà ní kìlómítà 5 lè má rí ju 1 tàbí 2 lọ. Ti ọ̀nà jíjìn nìkan kọ́. Omi òjò á wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà, á dípẹtà. Àrá á sán, á gba ojú wáyà wọlé, á jó ẹ̀rọ. Olè á gé e, torí bàbà jẹ́ owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí bàbà kò dé rí, tàbí ibi tó ti kú tipẹ́, ni fáíbà ń wọ̀. Ní Ìlú Ọba, ìlà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń fà yọ. Openreach, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìlà tẹlifóònù níbẹ̀, ti ṣíwọ́ títa ìlà bàbà tuntun láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n sì ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa pa ètò tẹlifóònù àtijọ́ sí ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń gbé ní Peckham àti Woolwich, pàápàá àwọn tó fi bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì kọ́ ọrùn. Iná volt 48 ń bá wáyà bàbà wá láti exchange, torí náà tẹlifóònù àtijọ́ ń dún bí iná ilé bá tilẹ̀ lọ. Dígí kò gbé iná. Kí àwọn ọmọ bá wọn béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ìlà bóyá bátìrì wà fún ẹ̀rọ tuntun náà, kí wọ́n sì dán bọ́tìnnì yẹn wò lórí ìlà tuntun kí ti àtijọ́ tó kú.

Bí dígí ṣe dé ipò tó wà yìí tọ́ sí ìyìn. Ní 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Harlow ní Ìlú Ọba, kọ ọ́ pé dígí lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn bí ẹnì kan bá lè sọ ọ́ di mímọ́ débi pé kò ní pàdánù ju 20 dB lọ ní kìlómítà kan (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe dín kù tó). Nígbà náà, dígí tó wà nílẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní 1970, Robert Maurer, Donald Keck àti Peter Schultz ṣe èyí tó kéré sí 20 ní ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà. Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. 20 dB túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ló kù lẹ́yìn kìlómítà kan. Dígí tí wọ́n ń fà lónìí ń pàdánù bíi 0.2 dB ní kìlómítà lórí ìmọ́lẹ̀ nanómítà 1550: ìmọ́lẹ̀ á rin kìlómítà 15 kó tó dín sí ìdajì.

Ìṣirò tó wà nídìí dB rọrùn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń san owó fáíbà mọ̀ ọ́n. Bí dB 3 bá lọ, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Bí dB 10 bá lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Ètò GPON, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú fáíbà ilé, ní ẹ̀rọ OLT lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ àti ONT, àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yín. OLT ń fi ìmọ́lẹ̀ nanómítà 1490 ránṣẹ́ wá, ONT ń fi ti 1310 dáhùn, orí fọ́nrán kan náà ni méjèèjì ń gbà. Splitter, tí kò lo iná rárá, ló ń pín ìmọ́lẹ̀ kan sí ilé 32 tàbí 64. Gbogbo wọn ló ń pín Gbps 2.5 tó ń bọ̀ àti Gbps 1.25 tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ilé kan yẹ̀ wò. OLT ta dBm +3 (dBm ni wọ́n fi ń ka agbára ìmọ́lẹ̀, dB ni wọ́n fi ń ka àdánù rẹ̀). Okùn gùn tó kìlómítà 6, ní 0.25 dB lórí kìlómítà kan, ó jẹ 1.5. Splitter àkọ́kọ́ pín in sí 4, ó jẹ bíi 7.2, èkejì pín in sí 8, ó jẹ bíi 10.5. Ibi mẹ́fà ni orí okùn ti kan ara wọn, 0.3 lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 1.8. Ibi mẹ́jọ ni wọ́n ti jó dígí pọ̀, 0.05 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 0.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21.4. Ohun tó dé ilé nìyẹn: dBm -18.4. Ọ̀pọ̀ ONT ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀ títí dé -27, nítorí náà dB 8.6 ló kù ní ìpamọ́ fún ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ìpamọ́ yìí gan-an ni oníṣẹ́ tó ń kánjú máa ń jẹ tán. Á fi ilé yín sílẹ̀ ní -26, iná ONT á tan àwọ̀ ewé, íntánẹ́ẹ̀tì á ṣiṣẹ́, ẹ ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú okùn gbóná tàbí tí ẹnì kan bá ti àga mọ́ ọn, ìlà á máa já, á máa padà. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kó gbé power meter, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀, sí orí okùn, kó yí i sí 1490, kó ka nọ́ḿbà náà fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín -15 sí -23 dára. Bó bá kọjá -25, bíi -26 tàbí -27, ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ ONT tún ń kọ nọ́ḿbà yìí sí ojú ewé ìṣètò wọn, níbi tí wọ́n kọ Rx power sí.

Ibi tí wọ́n ti ń so dígí pọ̀ ni iṣẹ́ ti ń dáa tàbí ti ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká dúró wò ó. Ohun àkọ́kọ́ ni sleeve, rọ́bà kékeré tó ní ọ̀pá irin nínú, tó sábà máa ń gùn tó mìlímítà 60. Ó gbọ́dọ̀ ti wọ ọrùn ọ̀kan nínú fọ́nrán méjèèjì kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á jó dígí pọ̀ tán, kò sì ní rí ọ̀nà tí rọ́bà máa gbà wọlé mọ́, àfi kó gé e kó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa bó awọ òde, kó tún bó ike tín-ín-rín tó bo dígí, títí dígí gan-an á fi hàn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Á fi tíṣù tí kì í tú àti isopropyl alcohol tó mọ́ dé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún nù ún. Sípíríìtì lásán tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ní omi nínú. Omi yẹn á gbẹ, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára dígí.

Cleaver ló kàn. Kì í gé dígí bí ọ̀bẹ ṣe ń gé nǹkan: ó ń ha á lára díẹ̀, ó sì ń ṣẹ́ ẹ, kí ojú ibi tó ti ṣẹ́ lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ojú yẹn bá fi ju dígírì 1 lọ, kí ó tún un ṣe. Láti ìgbà yìí lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orí dígí náà tàbí nù ún mọ́. Splicer, ẹ̀rọ tó ń jó dígí pọ̀, á gbé orí méjèèjì kojú ara wọn, á ta iná sí wọn, wọ́n á yọ́ pọ̀, nọ́ḿbà á sì hàn lójú ẹ̀rọ. 0.02 dára. Bó bá ju 0.05 lọ, tàbí tí ihò afẹ́fẹ́ kékeré bá hàn ní ojúkò, ìyẹn ibi tí dígí méjèèjì ti yọ́ pọ̀, kó gé e kúrò. Ihò yẹn sábà máa ń wá láti ara ìdọ̀tí tàbí cleaver tí abẹ rẹ̀ ti gbó. Lẹ́yìn èyí ló máa fa rọ́bà bo ojúkò náà, kó sì gbé e sínú ààrò kékeré ara ẹ̀rọ náà fún bí ìdajì ìṣẹ́jú.

Nínú okùn ńlá, fọ́nrán 12 ló máa ń wà nínú páìpù kékeré kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní àwọ̀ tó tẹ̀ léra: búlúù, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búráwùn, àwọ̀ eérú, funfun, pupa, dúdú, yẹ́lò, pọ́pù, píǹkì, àti búlúù tó dà bí omi òkun. Búlúù àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn yìí ló máa ń dojú rú mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tó sì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣiṣẹ́. Ilé kan á gba ìmọ́lẹ̀ ilé kejì, ẹni tó sanwó á sì jókòó sínú òkùnkùn. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa tó ṣeé rí hàn kì í wọ́n. Kí ó fi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pa àpótí dé. Àwọn ègé dígí tó já gbọ́dọ̀ wọ inú ike tó ní ìdérí. Ègé tó wọ awọ ara ṣòro láti rí, èyí tó bá wọ ojú lè ba ojú jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì wo ẹnu okùn tó wà lórí ìlà, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde kì í hàn sí ojú èèyàn.

Orí okùn ló ń gba ìyà jù lọ. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kò ju maikirómítà 9 lọ, eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo lè dí i. Ẹni tó bá fi aṣọ ẹ̀wù nù ún ti fi epo ara kún un. Kálámù ìnùrí tó máa ń dún kẹ́ẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì nù ún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ni. Orí tó ní àwọ̀ ewé ni APC, wọ́n gé ojú rẹ̀ dá gẹ̀rẹ́ ní dígírì 8. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù ni UPC, ojú rẹ̀ kò dá gẹ̀rẹ́. Wọ́n lè wọ inú ara wọn, ibẹ̀ sì ni ewu wà: ojú méjèèjì kò ní pàdé, dB tó pọ̀ á lọ, wọ́n sì lè ha ara wọn lójú. Mi ò fara mọ́ orí tí wọ́n kàn ń há mọ́ okùn láìjó o pọ̀. Nínú rẹ̀ ni gẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń di àlàfo láàárín dígí méjì. Bí ooru òrùlé bá ń mú un lójoojúmọ́, gẹ́ẹ̀lì á gbẹ, nọ́ḿbà á sì máa rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n jó pigtail, okùn kúkúrú tó ti ní orí tirẹ̀, mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ti kíká náà kò ju kí wọ́n mọ irú okùn tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Okùn G.652 ò fẹ́ kí wọ́n ká a sínú òbìrí tó kéré ju mìlímítà 30 lọ láti àárín dé etí, G.657.A2, tí wọ́n ṣe fún inú ilé, lè gba 7.5. Bí àwọn tó ń kàn án mọ́ ògiri bá fi òòlù lù ú ju bó ṣe yẹ lọ, ìdè náà á tẹ okùn. Kí wọ́n gé irin ẹ̀gbẹ́ okùn kúrò níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ ògiri, kó má wọ ilé, torí irin yẹn lè gbé àrá wọlé bó tilẹ̀ jẹ́ pé dígí kò lè gbé e.

Ní títì, katapílà ló ń pa fáíbà jù, olè náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Olè á gé okùn tán kó tó rí i pé kò sí bàbà nínú rẹ̀, iṣẹ́ gbogbo àdúgbò á sì ti dúró. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ sí abẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣe kókó fún orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ sì ń dá ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn gómìnà fẹnu kò ní 2020 sí N145 fún mítà kan gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀nà, ìyẹn owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fa okùn kọjá. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń fa okùn á sá lọ sórí òpó, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ń fà á já.

Bí okùn bá já, OTDR ni wọ́n fi ń wá ibi tó ti já. Ẹ̀rọ náà á ta ìmọ́lẹ̀ sínú dígí, á ka àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi padà, á sì sọ ọ́ di mítà. Ó máa ń dun oníṣẹ́ tó bá gbẹ́ ilẹ̀ síbi tí kò tọ́, ìdí rẹ̀ sì wọ́pọ̀: dígí gùn ju okùn lọ. Inú páìpù ni dígí ti ń lọ́ yíká, ìká okùn tí wọ́n fi pamọ́ sínú mánhóòlù náà sì wà nínú ìṣirò. 4,320 tí ẹ̀rọ kà kì í ṣe 4,320 lórí ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojúkò tó kẹ́yìn tó mọ ibi tó wà, kó ka ìwọ̀nba mítà tó kù. Kó wọn ìlà lórí 1310 àti 1550 pẹ̀lú. Bí àdánù bá pọ̀ gan-an lórí 1550 tó sì kéré lórí 1310, okùn ti ká jù níbì kan. Bí ó bá dọ́gba, ojúkò tí wọ́n jó tàbí orí okùn ni kó lọ yẹ̀ wò. Níbi tí kò bá sí ìká okùn ìpamọ́, ojúkò kan ṣoṣo tó já á di méjì, torí wọ́n á ní láti fi okùn mìíràn sáàárín.

Síbẹ̀, bàbà kò kúrò. Láti ONT dé kọ̀ǹpútà tàbí kámẹ́rà, wáyà Cat6 ló ṣì dára jù, kò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ, ó sì lè gbé iná lọ sí kámẹ́rà, ohun tí dígí kò lè ṣe láé. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ayédèrú ní ọjà. Àwọn kan ń ta alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á, inú rẹ̀ á funfun, páálí rẹ̀ tó jẹ́ mítà 305 á sì fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí iná bá gba inú rẹ̀, ó ń gbóná, kámẹ́rà tó wà lọ́nà jíjìn á sì máa kú lóru. Lórí òpó GSM náà, wáyà nípọn tó ń gbé ohùn gòkè ti ń lọ. Fáíbà ló ń dé orí òpó báyìí, wáyà bàbà sì kàn ń gbé iná lọ bá a.

Kódà ní ìsàlẹ̀ òkun, bàbà wà níbẹ̀. Nínú àwọn okùn abẹ́ òkun tó dé ọ̀dọ̀ wa, SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, MainOne àti Glo-1 ní 2010, WACS ní 2012, Equiano sì dé èbúté Lomé àti Èkó ní 2022. Nínú irú okùn bẹ́ẹ̀, bàbà yí dígí ká, iná tó lè tó volt 10,000 ń gba inú rẹ̀ lọ sí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè ní ìwọ̀n kìlómítà 60 sí 100 síra wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, WACS, MainOne, SAT-3 àti okùn mìíràn tó ń jẹ́ ACE bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì ní Èkó sì dákẹ́.

Ní ilé, iná ONT àti ráútà kì í pọ̀: volt 12, bíi watt 12 àpapọ̀. Bátìrì volt 12 tó jẹ́ Ah 7 lè gbé e fún bíi wákàtí 5 sí 6. Kí ẹ má so bátìrì mọ́ ọn ní tààràtà bí kò bá sí ohun tó ń mú volt dúró, torí bátìrì tó kún máa ń kọjá 13. UPS kékeré oní volt 12 ló tọ́. Splitter tó wà lórí òpó kò nílò iná, nítorí náà òkùnkùn àdúgbò kò pa ìlà yín, bí OLT bá ṣì ní iná tirẹ̀. Bí iná LOS, èyí tó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò wọlé, bá ń ṣẹ́jú pupa nígbà tí ONT ní iná, ẹ bi aládùúgbò tó wà lórí òpó kan náà. Bí tirẹ̀ náà bá pupa, okùn àdúgbò tàbí OLT ni, ẹ pe ilé iṣẹ́. Bí ti yín nìkan bá ni, ẹ kọ́kọ́ yẹ ibi tí okùn gbà kọjá lẹ́yìn àga àti lẹ́nu ilẹ̀kùn wò. Bí iná PON, èyí tó ń sọ pé ONT ti rí OLT, bá tan àwọ̀ ewé gbọọrọ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì lọ, dígí yín kò ní ohun tó ṣe é. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lórí fóònù kí wọ́n má baà fi oníṣẹ́ ránṣẹ́ wá gé okùn tó dára.